Kò Sí Kíbọ́ọ̀dù Tó Yá Tó fún Nọ́sí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ènìyàn tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárọ̀ ọjọ́ kan. Aránṣọ ni mí, Mùyídéènì lorúkọ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi náà sì ní ariwo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tó ń gba ara ògiri tó pààlà èmi àti Nọ́síràtù Rájí wọlé, ọ̀tọ̀ ni. Ká-ká-ká. Ká-ká. Á dákẹ́ díẹ̀. Ká! Kí n tó fa òwú sínú abẹ́rẹ́, màá gbọ́ ohùn Nọ́sí: "Èyí náà ò yá!" Á ti àga sẹ́yìn, á jáde síta, á na ọrùn wo òkè títì, á wo ìsàlẹ̀ títì, bí ẹni tó ń retí ẹni tí kò ní wá, á tún wọlé padà. Ká-ká-ká.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ó sì máa ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù ló ń tà, kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì. Ti àwọn tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí iná oríṣiríṣi ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó kàwé gboyè, iṣẹ́ ìjọba ò yọjú, ló bá kó kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti Òkè-Fìà, wọ́n ń ti Òtà-Ẹ̀fun wá bá a, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ kíbọ́ọ̀dù kan sí èkejì bíi tirẹ̀ ní gbogbo Òṣogbo.

Ó ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún mi títí ó fi wọ orí mi. Kọ̀ǹpútà kì í dédé mọ̀ pé ènìyàn tẹ bọ́tìnnì. Ńṣe ló máa ń bi kíbọ́ọ̀dù léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti tẹ nǹkan?" Kíbọ́ọ̀dù á ní rárá. Á tún bi í, á tún bi í, bí ìyá ọkọ tó ń bi ìyàwó tuntun bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Kíbọ́ọ̀dù lásán, ìgbà márùndínláàádóje ni kọ̀ǹpútà ń bi í láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó dára, ẹgbẹ̀rún ìgbà. Àwọn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé báyìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Iye ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń pè ní pólìn réètì. "Bọ̀dá Múyì," Nọ́sí á wí, "bí ìbéèrè bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìdáhùn ṣe ń yá tó." Mo ní ṣé kíbọ́ọ̀dù náà kì í bínú ni. Èmi, bí ìyàwó mi bá bi mí ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ilé ti dàrú nìyẹn.

Nọ́sí ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ń gbá géèmù, kò sì sí ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tó lè dúró tì í lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Eré ìjà ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń di máòsì mú, òun ló ń yìnbọn. Ọwọ́ òsì ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù, òun ló ń sáré. Ọ̀tún lè mọ ìbọn yìn bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, bí òsì ò bá tètè gbé ènìyàn kúrò níbi tí ọta ń bọ̀, ó parí.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Nọ́sí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, Alàájà Àpìkẹ́ Rájí, aláró àtijọ́ tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà, òsì ló ń nà sínú àwo. Alàájà ò gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń gba nǹkan, òun ni a fi ń fúnni, òun ni a fi ń kíni. Àwọn ààfáà sọ bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ààfáà tó dé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ló bá mú ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n, ó fi de ọwọ́ òsì mọ́ ọn ní ìhà. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ọ̀já á jáde. Ọmọ á sunkún, á jà, á fi ọ̀tún da ọbẹ̀ sára, títí ọ̀tún fi mọ oúnjẹ kó. Gbogbo àdúgbò gbóríyìn fún Alàájà pé ó kọ́ ọmọ. Nọ́sí náà sì di ọmọ tí a kọ́: bí ó bá ń fún àgbà ní omi, orúnkún á ti kanlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á ti jáde, òsì á fara pamọ́ sẹ́yìn.

Yàrá tó ń lò fún ṣọ́ọ̀bù, yàrá ilé Alàájà ni, èyí tó kọjú sí títì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní etí ìró Alàájà. Òun ló ń ṣí i láàárọ̀, òun ló ń tì í nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan ni Mukhtar, àbíkẹ́yìn Alàájà, wá sọ pé òun fẹ́ fi yàrá náà kó sìmẹ́ńtì sí. Ó ní ṣé pátákó tí ọmọdé ń tẹ ká-ká ni wọ́n máa fi yàrá ojú títì ṣe? Alàájà ronú sí i. Ó mọ̀ pé ìdíje géèmù kan ń bọ̀ ní Iléṣà, nítorí Nọ́sí ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nílé: ẹni kan ṣoṣo tó bá borí níbẹ̀ yóò wọ tíìmù tó ń lọ gbá géèmù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Alàájà pè é jókòó lójú èmi.

"Bó o bá borí ní Iléṣà," ó ní, "mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ. Màá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ, yàrá di tìẹ. Bó ò bá borí, wàá kó àwọn pátákó rẹ kúrò, kí Mukhtar kó sìmẹ́ńtì rẹ̀ wọlé."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Àgbà," ni Nọ́sí wí. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń lu itan rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sinmi mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ó ń wá kíbọ́ọ̀dù tó máa gbé e dé Iléṣà. Ohun ìdánwò kan wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: ojú rẹ̀ á pọ́n, bó bá ti yí padà di àwọ̀ ewé báyìí, kí o tẹ bọ́tìnnì, á sì sọ bó o ṣe yá tó. Alàájà a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, àwọn oníbàárà á dúró, Nọ́sí á na ìka ọ̀tún, á tẹ̀ ẹ́. Ta ló jẹ́ na ọwọ́ òsì sí ọjà níwájú àgbà? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dán ọjà wò ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ àgbo. "Ó yá," Nọ́sí á wí, "èyí yá gan-an." Oníbàárà á gbé e lọ. Òun náà á mú ọ̀kan irú rẹ̀, á jókòó ti géèmù, á gbé òsì lé e. Kò tíì jà rárá tí wọ́n á ti pa á. "Irọ́ ló ń pa! Nígbà tí mo ń dán an wò ó yá, ní báyìí tí mo fẹ́ lò ó, ó ń sùn!"

Ó dá a lẹ́bi, ó mú òmíràn. Ó ní wáyà ni. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ní iná sólà ò lágbára tó, ó dúró de iná ìjọba. Iná ìjọba dé, ó ní iná náà ń mì. Ó tú bọ́tìnnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ rẹ̀, ó tò ó padà. Ó jẹun ní ìdúró. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á wà lára ẹni náà, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí tábìlì.

Ọ̀kan wà nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù náà, dúdú, ẹgbẹ̀rún ìgbà ni kọ̀ǹpútà ń bi í. Èyí ni ó kórìíra jù. Òkú ló ń pè é. Abdulhameed, oníbàárà rẹ̀ kan láti Òkè-Fìà, ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì padà wá dúpẹ́.

"Àǹtí Nọ́sí, ẹ ṣeun o. Kíbọ́ọ̀dù yẹn yá bí iná."

"Èwo? Èyí dúdú? Abdulhameed, òkú ni. Òkú gidi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa mí pẹ̀lú rẹ̀ lónìí."

"Ó yá lọ́wọ́ tèmi o, Àǹtí."

Mo rò pé Nọ́sí á fi nǹkan lù ú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yá kíbọ́ọ̀dù mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìbéèrè, tí àbúrò ìyá Abdulhameed fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, Alàájà lọ sí àsàlátù, ẹnu ọ̀nà ṣófo. Kò pẹ́ tó lọ ni mo gbọ́ ariwo. Nọ́sí bẹ́ jáde, ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ sí ọrùn, ó dì mọ́ òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. "Bọ̀dá Múyì, ó yá! Mo ti rí i! Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni! N ò kú rárá, gbogbo wọn ni mo pa!" Mo bá a yọ̀. Mo rò pé àlàáfíà ti dé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Alàájà ti padà sí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà ń yí, ni mo bá tún gbọ́: "Ó ti bàjẹ́! Kí ló dé tó fi bàjẹ́?"

Ara mi gbóná. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo lọ dúró sí ojú fèrèsé rẹ̀. "Nọ́sí," mo ní, "kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọkọ tó ń yíwà padà. Ohun tó yá lánàá kò lè dédé lọ́ra lónìí."

"Ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀, Bọ̀dá Múyì."

"N kò mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ò fọ́ mi."

Ojú ò fọ́ mi, àmọ́ n ò rí i. Alàájà náà ò rí i. Ó kàn hú ikọ́ díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Iléṣà pé. Alàájà ní òun ń bá wa lọ. "Ṣé ẹnu ni wọ́n á fi ròyìn rẹ̀ fún mi? Màá fi ojú mi rí i." Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé wọn. Nọ́sí jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àpò kíbọ́ọ̀dù lórí ẹsẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Wọ́n sá kòkó sí ẹ̀bá títì bí a ṣe wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Alàájà ń fi hàn wá, ó ń sọ ìtàn ìgbà tó ń gbé aró wá tà fún wọn. Nọ́sí ò gbọ́ ẹyọ kan. Ó ní kí n sáré sí i. Mo sáré sí i. Ó ní kí n rọra, kí kíbọ́ọ̀dù má lọ fọ́.

Gbọ̀ngàn náà, ti Bàbá Ògúnmọ́lá ni, àgbẹ̀ kòkó tó ti darúgbó. Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ṣètò ìdíje. Bàbá náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó rí Alàájà, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹlẹgbẹ́ òun láàárín ogunlọ́gọ̀ ọmọdé. "Ẹ wọ ulé o, ẹ wọ ulé!" ló ń wí, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. Ẹ sì mọ Ìjẹ̀ṣà: kò sí ohun tí ẹ lè bá wá, kí ẹ má kọ́kọ́ jẹ iyán. Ó fa Alàájà lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gúnyán. Alàájà ní kí n dúró ti ọmọ.

Mo dúró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rí Nọ́sí láàárọ̀ ọjọ́ náà! Kíbọ́ọ̀dù ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló gbé kalẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bá a jà, kò tíì jókòó dáadáa tó fi dìde. Ẹni kejì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Òsì Nọ́sí ń fò lórí bọ́tìnnì, n kò lè fi ojú bá a. Bí ó ti ń borí ọ̀kan ni ó ń borí òmíràn, títí ó fi ku òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marvellous, akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìkéjì-Arákeji. Wọ́n á jà lẹ́ẹ̀mẹta; ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló ni í.

Ìgbà náà ni Alàájà wọlé, ó ti yó, Bàbá Ògúnmọ́lá ń tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé àga fún un lẹ́bàá Nọ́sí gan-an, ibi tó ti lè rí ohun gbogbo. Ó fa tẹ̀sùbáà yọ. Nọ́sí yíjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yí padà sídìí ìjà.

Ó fìdí rẹmi. Kò tilẹ̀ jọ ìjà. Ọmọ Ìkéjì-Arákeji kàn ń bá a níbi tó bá dúró sí ni, bí ẹni tó ń ká ata. Àwọn ènìyàn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nọ́sí fa wáyà kíbọ́ọ̀dù náà yọ, ó ń tú àpò, ó ń kó kíbọ́ọ̀dù jáde sórí ilẹ̀. "Ó ti bàjẹ́. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé á bàjẹ́. Àǹtí Ìdùnnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, màá pààrọ̀ rẹ̀." Omi ti dé ojú rẹ̀. Mo ń rí yàrá yẹn, mo ń rí sìmẹ́ńtì.

Alàájà dìde. Ó gbá kíbọ́ọ̀dù tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

"Nọ́sí, fi wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ wo lo fi ń sáré nínú nǹkan yẹn?"

"Òsì ni, Ìyá Àgbà. Ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀tún ló ń..."

"N ò bínú. N kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọwọ́ rẹ ni mò ń wò. Kó tó lọ, ó máa ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ó ń ṣe bí ọmọ tó na ọwọ́ sí ẹran inú ìkòkò, tó wá rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àárọ̀ yìí ńkọ́, nígbà tí mo wà nídìí iyán?"

Èmi ni mo dáhùn. "Ó ń borí, Alàájà. Gbogbo wọn ló nà."

"Èmi ni ọwọ́ yẹn ń bẹ̀rù," Alàájà wí.

"Rárá o, Ìyá Àgbà, kíbọ́ọ̀dù ni..."

"Dákẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kọ́. Èmi ni mo dè é."

Nígbà náà ni ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tò lójú mi bí aṣọ tí a rán tán: Ọjọ́bọ̀ tí àga ẹnu ọ̀nà ṣófo, ọjọ́ kejì tó kún, ìka ọ̀tún tó ń dán ọjà wò tó sì ń yá nígbà gbogbo, òsì tó ń sùn bí àgbà bá ti jókòó tì í. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ kan dán kíbọ́ọ̀dù wò, ó sì ń fi ọwọ́ kejì jà, kò sì rò ó rí, nítorí pé ta ni yóò na òsì sí ọjà lójú ìyá àgbà rẹ̀?

Alàájà tú etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ló mú jáde.

"Gbà."

Nọ́sí kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Alàájà fa kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn.

"N ò pe ìyẹn. Èkejì."

"Ìyá Àgbà..."

"Mo ní èkejì, Nọ́síràtù."

Bàbá Ògúnmọ́lá ò lè mú un mọ́ra. "Háà, Alàájà! Òsì kẹ̀? Níwájú àwọn ọmọ?"

"Ọwọ́ ọmọ mi ni, Bàbá," Alàájà wí, kò yíjú. "Mi ò ra ọ̀kan lọ́jà nínú méjèèjì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ ń mọ́. Èmi ni mo ti de ọ̀kan láti ọjọ́ yìí." Òsì Nọ́sí jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fà sẹ́yìn bí Alàájà ṣe wí. Alàájà gbé kọ́kọ́rọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bò ó. "Yàrá di tìẹ. O borí o, o ò borí o, Mukhtar á wá ibòmíràn kó sìmẹ́ńtì sí. Mo wà níbí, mò ń wò ọ́. Lọ sáré."

Nọ́sí sunkún, kò sì fi pamọ́. Ó fi ìborùn nu ojú. Ó na ọwọ́ sí òkìtì kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀, ó mú èyí tó kọ́kọ́ kàn, ó kì wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Mo wò ó. Òkú ni. Èyí dúdú tó ti ń bú láti ọjọ́ yìí.

Mo fẹ́ pariwo kó pààrọ̀ rẹ̀, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìjà kejì. Òkú jí. Marvellous yìnbọn síbí, Nọ́sí ti wà lọ́hùn-ún. Alàájà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sínú kọ̀ǹpútà, kò ka tẹ̀sùbáà mọ́, ó ń pariwo "Sá! Sá! Sá fún un!" létí ọmọ, ọwọ́ òsì náà kò sì fà sẹ́yìn rárá. Nọ́sí borí.

Ẹ̀kẹta ni gbogbo wa dìde dúró fún. Àwọn méjèèjì le. Bí ọ̀kan bá fara pa, èkejì á fara pa. Mo gbọ́ tí Bàbá Ògúnmọ́lá ń gbàdúrà, n kò mọ ẹni tó ń gbà á fún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Nọ́sí yà sí ọ̀tún, Marvellous sì ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọ̀tún ni yóò yà sí. Ó pa á.

Mo di ojú. Mo ń dúró de ohùn tí mo mọ̀, pé èyí náà ò yá, pé wáyà ni, pé iná ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo la ojú, Nọ́sí ń bọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. "Ó yá jù mí lọ," ló wí fún gbogbo ènìyàn. "Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Òun ló yá jù mí lọ."

Ó dùn ún o, kí n má purọ́ fún yín. Tíìmù tó ti ń lá lálàá kọjá lọ lójú rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀ nínú mọ́tò. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo dígí, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú òsì. Kí a tó dé Òṣogbo, òun náà ti sùn.

Mukhtar bínú, ó sì ti tán nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ nípa ìjà kejì, wọ́n ń rọ́ wá béèrè irú kíbọ́ọ̀dù tí Nọ́sí fi bá ọmọ Ìkéjì-Arákeji jà. Ó ń fi hàn wọ́n, wọn ò gbà á gbọ́, wọ́n ní èyí tí Àǹtí fúnra wọn ń pè ní òkú? Òfin tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí: ọwọ́ tó o máa fi lò ó ni kó o fi dán an wò. Àwọn àgbà tó ń kọjá rí àwọn ọmọ tó ń na òsì sí ọjà, wọ́n ń pòṣé. Alàájà wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n títí wọn á fi kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí oníbàárà ò sí, mo lọ gba sísọ́ọ̀sì mi padà lọ́wọ́ Nọ́sí, mo bá Alàájà nídìí kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n. Ó na ìka ọ̀tún, ó ń dúró. Ó di àwọ̀ ewé, ó tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́.

"Ẹ fi èkejì dán an wò, Ìyá Àgbà," Nọ́sí wí.

"Èkejì bíi ti báwo? Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Òsì lẹ gbé lé e nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó, lẹ bá tètè gbé e kúrò."

Alàájà fi ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Okùn ni ìyá tèmi fi dè é," ló wá wí. "Kì í ṣe ọ̀já."

Ojú kọ̀ǹpútà tún pọ́n. Alàájà gbé ọwọ́ òsì sókè, kó tó gbé e lé bọ́tìnnì, ó yíjú, ó wo ẹnu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó wo ibẹ̀ títí, ó wá yí padà, ó gbé òsì lé e. Àwọ̀ ewé tàn, ká! Nọ́sí pariwo, ó ní Ìyá Àgbà yá ju Abdulhameed lọ.

Alàájà ní kó tún un tàn.